Ohun tí Charles Dickens fi pa mọ́ fáwọn ọmọ ẹ̀

Bí a bá yọ àdúrà owó àti àdúrà ọmọ kúrò, mo rò pé àdúrà tí Yorùbá ń gbà jù lọ ni pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa. A ò fẹ́ kí ará ìta mọ̀ pé ebi la sùn. A ò fẹ́ kí àna gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá wa. Bí olówó bá ń bọ̀ wá gba gbèsè, ilẹ̀kùn la máa ń tì, a ó ní káwọn ọmọ sọ pé a ò sí nílé. Mi ò bú ẹni tó ń gba àdúrà yìí o, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ mo fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan lónìí, ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ bo àṣírí ilé wọn mọ́lẹ̀, tó sì tún fi gbogbo ayé ẹ̀ sọ ọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí wọn ò mọ̀ pé ti ara ẹ̀ ló ń sọ.

Charles Dickens lorúkọ ẹ̀. Ẹni tó bá lọ sílé ẹ̀kọ́ girama láyé ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ girama ṣì dùn ún lọ, ó ṣeé ṣe kó ti ka ìwé ẹ̀ kan, Oliver Twist tàbí David Copperfield. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù nínú wọn ni Great Expectations, nítorí pé àṣírí ẹbí ló kún inú ẹ̀ látòkèdélẹ̀. Òyìnbó ni Dickens, ó sì ti lé ní àádọ́jọ ọdún tó ti kú. Àmọ́ bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn, ẹ ó rí i pé àwa náà mọ ilé bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ keje, oṣù kejì, ọdún 1812 ni wọ́n bí i, ní Portsmouth, ìlú etíkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. John lorúkọ bàbá ẹ̀, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì tó ń san owó oṣù fáwọn ọmọ ogun ojú omi. Elizabeth ni ìyá ẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n bí, òun sì ni ìkejì. Bí èèyàn bá wo ìdílé náà láti ìta, ìdílé akọ̀wé ìjọba ni, aṣọ mímọ́, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bàbá tó bí ìyá ẹ̀, Charles Barrow, ọ̀gá ni ní ọ́fíìsì owó yẹn kan náà. Lọ́dún 1810, ọdún méjì kí wọ́n tó bí ọmọ yìí, àṣírí tú pé bàbá àgbà ti ń jí owó ìjọba, owó náà sì lé ní £5,000. Kí wọ́n tó rí i mú, ó ti sá lọ. Erékùṣù Isle of Man, níbi tí ọwọ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì ò ti tó o, ló fara pa mọ́ sí gbẹ̀yìn. Ní ti àwọn òbí bàbá ẹ̀, ìránṣẹ́ ni wọ́n nílé olówó kan. Kò sóhun tó burú nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́, àmọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ọ̀gá ò ní sọ ọ́ síta. Dickens náà ò sọ ọ́.

Àrùn tó ń ṣe John, bàbá ẹ̀, ìnáwó ni. Ó lójú àánú, ó lẹ́nu dídùn, ó mọ àlejò ṣe, àmọ́ owó tó ń wọlé ò tó èyí tó ń jáde. Ẹ mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín, ilé ẹ̀ nìkan ni wọ́n ti mọ̀ pé ó jẹ gbèsè. Nígbà tí ìjọba gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1822, nǹkan le pátápátá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ta àwọn ìwé tí ọmọ náà fẹ́ràn láti máa kà. Wọn ò rán an lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Fanny, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, wà nílé ẹ̀kọ́ orin ní tiẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1824, tí Charles ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìlá, mọ̀lẹ́bí kan bá a wá iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ Warren, níbi tí wọ́n ti ń ṣe pólíìṣì bàtà dúdú, irú ohun tí àwa ń pè ní kíwì. Ilé àtijọ́ kan tó ń wó lọ ni, létí odò Thames, eku ló kún un. Iṣẹ́ ọmọ náà ni kó fi bébà bo ẹnu ìkòkò pólíìṣì kéékèèké, kó so ó, kó sì lẹ orúkọ iléeṣẹ́ mọ́ ọn lára, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Nǹkan bíi ṣílè 6 ni wọ́n ń san fún un lọ́sẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Bob Fagin, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì ṣe dáadáa sí i. Àwọn tó bá ti ka Oliver Twist á ti dá orúkọ yẹn mọ̀. Orúkọ ọmọ tó ṣe é lóore ló gbé fún olórí olè inú ìwé. Èyí máa ń yà mí lẹ́nu di òní. Bóyá oore tí èèyàn gbà níbi tó ti ń tijú máa ń dun èèyàn bí ìyà náà ni.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fi mú bàbá ẹ̀. Gbèsè oníbúrẹ́dì ni, £40 àti ṣílè 10. Wọ́n gbé e lọ sí Marshalsea, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn onígbèsè ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òfin náà díẹ̀. Tó o bá jẹ gbèsè nígbà yẹn, ẹni tó o jẹ lè ní kí wọ́n tì ọ́ mọ́lé títí o ó fi san án, bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ò lè jáde lọ ṣiṣẹ́ tó máa fi san án. Ìyàwó àtàwọn ọmọ lè wá bá ọ gbé nínú ẹ̀wọ̀n náà, kí wọ́n máa jáde kí wọ́n máa wọlé, àmọ́ ìwọ ò gbọdọ̀ kọjá géètì. Ìyá Charles kó àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n lọ bá bàbá wọn níbẹ̀. Charles kù síta ní tiẹ̀, ó ń sùn sílé onílé, ó ń fi owó pólíìṣì bọ́ ara ẹ̀, Sunday ló máa ń lọ kí àwọn òbí ẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Kí a má sọ pé ìwà òyìnbó nìyẹn o. Àwa náà ní ìwọ̀fà níbí. Bàbá á yá owó, á fi ọmọ ẹ̀ dúró, ọmọ á máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ ẹ̀ ló dúró fún èlé, títí wọn ó fi rí owó san. Ológò náà wà, ẹni tó máa ń lọ dógò ti onígbèsè, tó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, tó máa dójú tì í títí àwọn ará ilé á fi dá owó jọ. Lóde òní, orí fóònù ni ológò wà. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Bí ọjọ́ bá ti pé tí o ò rí owó san, wọ́n á fi àwòrán rẹ ránṣẹ́ sí àna rẹ, sí ọ̀gá rẹ, sí pásítọ̀ rẹ, wọ́n á ní olè ni ọ́. Ọ̀nà wọn yí padà, ibi kan náà ni wọ́n ń lù. Ojú tó ń ti èèyàn ni wọ́n fi ń gba owó.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, bàbá Charles jáde nípasẹ̀ òfin tó wà fáwọn tí ò ní agbára láti san gbèsè. Ìyá tó bí bàbá náà kú lákòókò yẹn, ó sì fi £450 sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin náà á rò pé ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ mú ọmọ wọn kúrò níléeṣẹ́ pólíìṣì. Wọn ò mú un. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ níbẹ̀. Wọ́n kó iléeṣẹ́ náà lọ síbòmíràn, àwọn ọmọ wá ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn tó ń kọjá á dúró, wọ́n á máa wò wọ́n. Ìgbà tí bàbá ẹ̀ àti mọ̀lẹ́bí tó bá a wáṣẹ́ jà ni bàbá tó ní kó máa bọ̀ nílé, kó padà sílé ẹ̀kọ́. Ìyá ẹ̀ lọ parí ìjà náà, ó fẹ́ kí ọmọ padà síbi iṣẹ́. Bàbá ló kọ̀.

Charles ò gbàgbé èyí títí ó fi kú. Ó dárí ji bàbá tó jẹ gbèsè, kò dárí ji ìyá tó ní kó padà. Èmi máa ń rò ó pé bóyá ìyá náà ò rò ó sí ibi kankan. Ọmọ pọ̀ nílé, ṣílè 6 ò sì kéré lójú ẹni tó ń wá owó oúnjẹ. Àmọ́ Yorùbá ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá àti ìyá ò dárúkọ iléeṣẹ́ náà mọ́ nínú ilé. Bíi pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọmọ náà sì kọ́ ọ lára wọn, ó pa á mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tó kúrò nílé ẹ̀kọ́ lọ ṣiṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà. Ó kọ́ ara ẹ̀ ní ọ̀nà ìkọ̀wé àkọyára, ó di oníròyìn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn kéékèèké sínú ìwé ìròyìn. Lọ́dún 1836 ló gbé Catherine Hogarth níyàwó, ọdún yẹn náà ni ìtàn Pickwick bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóṣooṣù. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kò sí ẹni tí ò mọ orúkọ ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mẹ́wàá ni Catherine bí fún un.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò mọ nǹkan kan nípa pólíìṣì tàbí ẹ̀wọ̀n. Ẹnì kan ló sọ ọ́ fún ní kíkún, ìyẹn John Forster, ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtàtà. Ó jókòó, ó kọ ọ́ sórí bébà, ó gbé e fún un pé kó tọ́jú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú lára ohun tó kọ yẹn, ó fi ṣe David Copperfield, tó jáde láàárín 1849 sí 1850. Ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹrù nínú ìwé yẹn, òun ni. Ọ̀gbẹ́ni Micawber, onígbèsè ẹlẹ́nu dídùn, bàbá ẹ̀ ni. Nígbà tó di 1855, ó bẹ̀rẹ̀ Little Dorrit, ìtàn ọmọbìnrin tí wọ́n bí sínú Marshalsea gan-an. Àwọn èèyàn kà á, wọ́n sunkún, wọ́n ní orí ọkùnrin yìí pé. Wọn ò mọ̀ pé ilé ara ẹ̀ ló ń kà fún wọn.

Ọdún 1860 ni Great Expectations bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tí Dickens fúnra ẹ̀ ń ṣe. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Èkó ṣe dúró de ìtàn Ṣẹ̀gilọlá nínú Akéde Èkó ti I.B. Thomas láàárín 1929 sí 1930, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dúró de èyí. Pip lorúkọ ọmọ inú ẹ̀, aláìníyàá àti aláìníbàbá tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ àti ọkọ ẹ̀gbọ́n, alágbẹ̀dẹ, ń tọ́. Ọjọ́ kan ló bá ẹlẹ́wọ̀n kan tó sá pàdé ní itẹ́ òkú, ó fún un lóúnjẹ. Nígbà tó dàgbà, owó ńlá kan dé fún un, wọn ò sì sọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ó rò pé ìyá ọlọ́rọ̀ kan, Miss Havisham, ni. Ó wọ aṣọ tuntun, ó ń tijú ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ìgbẹ̀yìn ló tó mọ̀ pé ẹlẹ́wọ̀n ọjọ́ yẹn ni olówó, pé Estella tí òun ń fẹ́, tí Miss Havisham gbà tọ́, ọmọ ẹlẹ́wọ̀n náà ni, pé ọmọ-ọ̀dọ̀ lọ́yà tó ń bu oúnjẹ fún òun ló bí i. Lọ́yà mọ ìyá tó bí Estella láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sọ. Pip sọ fún ẹlẹ́wọ̀n náà nígbà tó ń kú lọ pé ọmọ ẹ̀ wà láàyè. Àmọ́ Estella fúnra ẹ̀, wọn ò jẹ́ kó mọ̀. Lọ́yà ní kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí mo tún ìwé yìí kà láìpẹ́, ibẹ̀ yẹn ni mo dúró sí. Kí ló dé tí Dickens fi ní kí Estella má mọ̀? Mo wá wo ọdún tó kọ ọ́, mo sì rí ìdí kan tó jọ mí lójú. Ní oṣù kẹsàn-án 1860, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, Dickens dáná sí ẹ̀yìnkùlé ilé ẹ̀ ní Gad's Hill, ó kó àwọn lẹ́tà táwọn èèyàn ti kọ sí i fún ogún ọdún, ó sun wọ́n. Àṣírí kejì ti wọ ayé ẹ̀.

Lọ́dún 1857, tó jẹ́ ẹni ọdún márùn-ún-dín-láàádọ́ta, ó pàdé òṣèré tíátà kan, Ellen Ternan, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó lé Catherine kúrò nílé lẹ́yìn ọdún méjìlélógún tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, ó ń san £600 fún un lọ́dún. Charley, àkọ́bí, nìkan ló bá ìyá ẹ̀ lọ. Àwọn tó kù dúró sọ́dọ̀ bàbá wọn. Nígbà táwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó tún kọ lẹ́tà kan tó fi sọ pé kì í ṣe ìyá wọn ló tọ́ àwọn ọmọ, lẹ́tà náà sì bọ́ síta, gbogbo ayé kà á. Ọkùnrin tó mọ ìrora ọmọ tí wọ́n ń wò láti ojú fèrèsé, òun ló gbé ìyàwó ẹ̀ sójú fèrèsé yẹn.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 1865, ọkọ̀ ojú irin tó wọ̀ já sódò ní Staplehurst. Èèyàn mẹ́wàá kú. Ellen àti ìyá ẹ̀ wà pẹ̀lú ẹ̀ nínú ọkọ̀. Dickens ṣe bí ọkùnrin lọ́jọ́ yẹn, ó ń fa àwọn èèyàn jáde, ó ń bomi fáwọn tó fara pa. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí, kò lọ jẹ́rìí. Ó kọ̀wé nípa ìjàǹbá náà sí ìparí ìwé Our Mutual Friend, ó sọ bó ṣe padà lọ mú ìwé tó ń kọ jáde nínú ọkọ̀. Kò sọ pé obìnrin kankan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọdún márùn-ún gééré lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà 1870, ló kú, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Wọ́n sin ín sí Westminster Abbey. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé ìpíngún ẹ̀, orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n kà ni Ellen Ternan, £1,000.

Ní ìparí 1871 ni apá kìíní ìwé tí Forster kọ nípa ìgbésí ayé ẹ̀ jáde, inú ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ Dickens, pẹ̀lú gbogbo ayé, ti kọ́kọ́ kà nípa iléeṣẹ́ pólíìṣì àti Marshalsea. Ìgbà yẹn ni Henry, ọmọ ẹ̀, rántí Kérésìmesì kan nígbà tó kù díẹ̀ kí bàbá wọn kú. Wọ́n ń ṣe eré kan nílé, tí kálukú máa ń fi ọ̀rọ̀ kan kún èyí tí ẹni tó ṣáájú ẹ̀ sọ. Nígbà tó kan bàbá, ó dárúkọ iléeṣẹ́ Warren àti àdírẹ́sì ẹ̀, ojú ẹ̀ yí padà, ohùn ẹ̀ yí padà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń sọ. Eré ń lọ. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún wọn, ọ̀nà ẹ̀ ò là.

Ti Ellen pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ ọkọ, ó dín ọjọ́ orí ẹ̀ kù, ó bímọ, ọmọ ẹ̀ ò sì mọ ohunkóhun títí ìyá fi kú lọ́dún 1914. Kate, ọmọ Dickens, ló tú ti ilé wọn fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, ìwé náà sì jáde lọ́dún 1939, lẹ́yìn tí Kate fúnra ẹ̀ ti kú. Ní ti Catherine, nígbà tó ń kú lọ lọ́dún 1879, ó kó àwọn lẹ́tà ìfẹ́ tí ọkọ ẹ̀ kọ sí i tẹ́lẹ̀ fún Kate yìí, ó ní kó gbé wọn fún British Museum, káráyé lè mọ̀ pé ọkùnrin náà fẹ́ràn òun rí. Àwọn lẹ́tà tí Dickens ò rí sun nìyẹn.

Kí ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ yìí? Mo rò pé oríṣi àṣírí méjì ló wà, àwa sì ń fi àdúrà kan náà bò wọ́n. Ọ̀kan ni ìyà tí wọ́n fi jẹ èèyàn: ebi, gbèsè bàbá, iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ tó o ṣe kó o tó dèèyàn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ níbẹ̀. Sọ ọ́ fáwọn ọmọ rẹ, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ó máa wúlò fún wọn, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọ tó ń bá wọn fọ abọ́. Dickens sọ tiẹ̀ fún ọ̀rẹ́ kan péré, ohun tó jáde níbẹ̀ ti bọ́ ọ̀pọ̀ ọkàn.

Èkejì ni ohun tí ìwọ ń ṣe sí ẹlòmíràn tó ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Èyí tó ń bo àṣírí irú èyí, ẹlòmíràn ló ń fi ṣe ìbora. Gbogbo wa la ti dé ibi ìsìnkú tí wọ́n ti ń pe orúkọ àwọn ọmọ olóògbé, tí ọmọ kan tẹ́nì kankan ò mọ̀ rí á dìde láti ẹ̀yìn, tí imú ẹ̀ àti ti òkú jọ ara wọn. Ìyá ń sunkún, àwọn ọmọ ń wo ara wọn, ẹni tó yẹ kó ṣàlàyé sì wà nínú pósí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tí irú ẹ̀ bá wà nílé ẹ̀, tó ṣì ń mí, kó pe àwọn ọmọ jọ. Ìbínú wọn á pọ̀, àmọ́ yóò wà níbẹ̀ láti dá wọn lóhùn.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.